Ojúkò àìyẹ̀: bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó wà kí wọ́n tó mọ ibi tó wà

Bàbá bàbá mi ní oko lórí òkè lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀. Bí bàbá bá gbéra nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n á dé oko lọ́sàn-án, wọ́n á sun ahéré mọ́jú, wọ́n á sì tún gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì láti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n lè sinmi níbi tó bá wù wọ́n, wọ́n lè yára ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Síbẹ̀, ibì kan wà lójú ọ̀nà náà tí wọ́n dé ní aago kan náà gan-an lọ́jọ́ méjèèjì. Ẹ gbà pé ẹni méjì ni wọ́n, ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀, àárọ̀ kan náà ni wọ́n sì jọ gbéra. Lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, ibo ni wọ́n fẹ́ gbà tí wọn ò ní pàdé?

Ọ̀rọ̀ òkè yìí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò nípa ojúkò àìyẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Adó. A mọ̀ dájú pé ibẹ̀ wà, a ò sì mọ ibi tó wà.

Orúkọ L.E.J. Brouwer, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni wọ́n fi ń pe tíọ́rẹ́mù (òfin ìṣirò tí a ti fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀) tó dá lé irú ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan kọ́ ló dé ìdí rẹ̀. Piers Bohl ní ìlú Riga ti sún mọ́ ọn ní 1904, Jacques Hadamard sì tẹ ẹ̀rí jáde ní Faransé ní 1910, kí ti Brouwer tó jáde. Ohun tí wọ́n rí nìyí: bu ògì sínú ife, fi ṣíbí rò ó bó ṣe wù ọ́, kó ṣáà má ta sílẹ̀, kí apá kan má sì ya kúrò lára èkejì. Bó bá rọlẹ̀ tán, ó kéré tán, ẹyọ ibì kan nínú ògì náà á wà ní ojú ibi tó wà kó o tó rò ó. Ibẹ̀ ni mò ń pè ní ojúkò àìyẹ̀.

Ẹ̀rí Brouwer kò tọ́ka sí i. Ó ní ká gbà pé kò sí, ó wá fi hàn pé irọ́ ni. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn yìí ni pé òun fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Láti inú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1907 ló ti ń jà á pé a ò lè sọ pé ohun kan wà nínú ìṣirò àfi bí a bá lè ṣe é jáde. Tíọ́rẹ́mù tó sọ ọ́ di olókìkí ló wá ń ta ko ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ti Stefan Banach, ọmọ Poland, yàtọ̀. Tíọ́rẹ́mù tiẹ̀ tó jáde ní 1922 ń fi ọ̀nà hàn. Ẹ tẹ́ máàpù Èkìtì sílẹ̀ nínú kíláàsì wa. Ẹ fi ìka lé Ọ̀mùò létí bébà. Ibo ni ìka yín wà gan-an? Adó ni. Ẹ gbé e lọ sí Adó lórí máàpù, níbi tí kíláàsì wà. Ẹ tún bi í: ibo ló wà báyìí? Kíláàsì náà ni. Ó yẹ kó sún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí sísún náà mọ́. Ojúkò kan ṣoṣo wà níbẹ̀, tí àmì orí bébà àti ilẹ̀ tó dúró fún jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ gbé máàpù yẹn lọ Ìbàdàn, ẹ ò ní rí i lórí bébà náà mọ́.

Bí ojúkò àìyẹ̀ ṣe wọ inú eré ìdíje ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọdé méjì ń fi ẹyọ ọmọ ayò kan ṣeré: ọ̀kan dì í mọ́ ọwọ́ kan, èkejì ń sọ ọwọ́ tó wà. Bó bá ń fi sí ọ̀tún ṣáá, wọ́n á mú un. Àfi kó máa pààrọ̀ rẹ̀ láìní ètò, ìdajì ọ̀tún, ìdajì òsì. Bó bá sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yòówù tí ẹnì kejì bá pè, ọgbọọgba ni. Ìdáhùn ẹnì kejì náà kì í ṣe ẹyọ kan mọ́, ọ̀wọ́ ìdáhùn ni. John von Neumann ti yanjú eré ẹni méjì tí èrè ọ̀kan jẹ́ àdánù èkejì ní 1928. Shizuo Kakutani, ọmọ Japan, ló wá fẹ tíọ́rẹ́mù Brouwer lójú ní 1941 kó lè gba ọ̀wọ́ ìdáhùn. Ní 1950, John Nash, ọmọ ọdún 21 ní Princeton, lo ti Kakutani nínú ìwé tí kò ju ojú ewé méjì lọ: iye yòówù káwọn tó ń ṣeré jẹ́, ipò kan wà, ojúkò àìyẹ̀ eré náà, tí ẹnikẹ́ni tó bá dá yí ọwọ́ padà kò ní jèrè kankan sí i. Ní 1951 ó fi ti Brouwer gan-an tún un ṣe. Ọdún 1994 ló tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀.

Kenneth Arrow àti Gérard Debreu, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, lo ọgbọ́n yìí fún iye owó ọjà ní 1954: iye kan wà tí ohun tí àwọn olùtà gbé wá àti ohun tí àwọn oníbàárà fẹ́ rà fi ń dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta iṣu ní Ọjà Ọba á béèrè pé èló ni. Herbert Scarf ló dáhùn ní 1967. Emanuel Sperner ti fi hàn ní 1928 pé bí a bá gé igun mẹ́ta ńlá sí wẹ́wẹ́, tí a sì fi àwọ̀ mẹ́ta kun àwọn orígun bó ṣe yẹ, igun mẹ́ta kékeré kan á ní àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Scarf wá la ọ̀nà gba inú irú àwọn wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì, títí ó fi dé ìtòsí ojúkò náà.

Onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ wa, Charles Chidume, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ibi tí ọ̀nà Banach kì í ti í ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tó kún inú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2009 ni pé bí ìka bá ń sún báyìí, ṣé yóò débẹ̀?