Bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní ó ti kú

Níbi tí wọ́n bá ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), bí funfun bá ti ọmọ ogun iwájú ọba rẹ̀ dé e4 (lẹ́tà àti nọ́ńbà la fi ń pe ojú kọ̀ọ̀kan lórí pátákó), tí ìwọ tó ń ta dúdú sì ti ọmọ ogun tìrẹ dé e6 láti dá a lóhùn, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi pòṣé lẹ́yìn rẹ: "O ti sé bíṣọ́ọ̀bù rẹ mọ́lé. Ààbò ojo nìyẹn." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, ó sì ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti torí ẹ̀ pa e6 yìí, tí wọ́n ń pè ní ààbò Faransé, tì.

Wọn ò kúkú parọ́ tán. Bíṣọ́ọ̀bù tó wà ní c8, èyí tí àwa tó kọ́ eré náà lédè Faransé ń pè ní fou, ìyẹn wèrè, kò rọ́nà jáde nígbà tí e6 bá ti dí i. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó sídìí ọpọ́n ayò rí mọ̀ pé ọ̀ta a máa kó ọmọ jọ sójú kan, tí òpè á rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ìgbà tó bá tú odù yẹn ká lojú òpè á là.

Ọdún 1834 ni ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì Paris àti ti London bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́tà bá ara wọn ta ṣẹ́ẹ̀sì. Paris fi e6 dáhùn, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, àwọn ló sì borí. Ní Buenos Aires lọ́dún 1960, Uhlmann ará Jámánì fi ààbò yìí kan náà borí Bobby Fischer, ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì ará Amẹ́ríkà.

Inú c5 ni agbára ààbò yìí wà. Funfun ta d4, dúdú ta d5. Funfun ti e5 síwájú, dúdú ta c5, ó ń gbẹ́ ìdí d4 tó gbé e5 ró. Ibẹ̀ lèmi àti àbúrò mi bá a dé lọ́jọ́ Àìkú kan. Èmi ni mo ta funfun. Ẹṣin mi wà ní f3, bíṣọ́ọ̀bù mi ní d3. Ẹṣin tirẹ̀ wà ní c6, ayaba rẹ̀ ní b6, a sì ti fi ọmọ ogun jẹ ara wa ní d4. Ó rò pé ọ̀fẹ́ ni ọmọ ogun mi tó kù ní d4, ó nawọ́ sí ẹṣin rẹ̀.

"Dúró ná. Bí o bá fi ẹṣin jẹ ẹ́, tí mo fi tèmi jẹ tìrẹ, tí ayaba rẹ wá gba d4, bíṣọ́ọ̀bù mi á bọ́ sí b5, á dojú kọ ọba rẹ. Bí o ṣe ń gba ọba sílẹ̀, ayaba mi á jẹ tìrẹ."

"Kí ni kí n wá ṣe, ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní kó kọ́kọ́ gbé bíṣọ́ọ̀bù c8 sí d7. Ìṣísẹ̀ kan péré, ó ti dínà láàárín b5 àti ọba. Mo gbé ọba mi pamọ́, ó jẹ d4, nǹkan kan ò sì ṣe ayaba rẹ̀.