Ìbú ojú irin Amẹ́ríkà kò ti ìdí ẹṣin Róòmù wá

Ìtàn kan ò yéé kiri lórí WhatsApp: pé ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8½ tó wà láàárín irin reluwéè Amẹ́ríkà, ìdí ẹṣin méjì tó ń fa kẹ̀kẹ́ ogun Róòmù ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, àti pé kò sẹ́ni tó lè yí i padà láti ìgbà náà. Ẹ má gbà á gbọ́.

Ibi ìwakùsà èédú ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni George Stephenson, onímọ̀ ẹ̀rọ reluwéè ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti mú ìwọ̀n yẹn. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 5 gbáko ni South Carolina Canal and Rail Road Company lò láti Charleston dé Hamburg, máìlì 136, tí wọ́n parí ní 1833. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ reluwéè agbègbè náà tẹ̀lé e, títí kan Louisville and Nashville. Ilé iṣẹ́ reluwéè Erie ní New York tiẹ̀ lo ẹsẹ̀ bàtà 6.

Níbi tí ìwọ̀n méjì bá ti pàdé, àfi kí wọ́n tú ẹrù, tàbí kí wọ́n gbé ara ọkọ̀ sókè pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. (Irú rẹ̀ wà nílé: ojú irin àtijọ́ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6, ọkọ̀ rẹ̀ kò lè gun ojú irin tuntun.)

Ní February 1886, àwọn ilé iṣẹ́ gúúsù pàdé ní Atlanta, wọ́n fẹnu kò sí ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 9, ìwọ̀n Pennsylvania Railroad, ilé iṣẹ́ reluwéè kan ní àríwá. Louisville and Nashville ṣe tirẹ̀ ní May 30. Ọ̀pọ̀ yòókù ṣe é ní May 31 àti June 1.

Irin ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sún wọlé, íǹṣì 3. Ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ti gbẹ́ orí igi ìdábùú tó wà lábẹ́ irin kí irin lè jókòó pẹrẹsẹ, wọ́n kan ìṣó inú sí ojú ibi tuntun, wọ́n sì fa púpọ̀ nínú ìṣó àtijọ́ yọ, wọ́n ṣẹ́ ìwọ̀nba tó lè di irin mú kù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n fa ìyókù, wọ́n fi ọ̀pá ti irin títí ó fi kan ìṣó tuntun, wọ́n wá kan ti ìta. Kọ́nà ló le: bí irin òde bá wọlé, ó ti gùn jù, àfi kí wọ́n gé e.

Àgbá ọkọ̀ náà, íǹṣì 1½ ni wọ́n ti ìkọ̀ọ̀kan wọlé. Ààbọ̀ íǹṣì tí ìwọ̀n yìí fi ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8½ lọ kò dí ọkọ̀ lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ojú irin tẹ́.