Gíráàfù 2^X kò kan ìlà ìbú rí

Lórí ẹ̀rọ ìṣirò TI-84 Plus tí ojú rẹ̀ kì í ṣe aláwọ̀, iṣẹ́ kékeré ni yíya 2^X (2 sí agbára X): ẹ tẹ Y=, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ wá tẹ 6 lábẹ́ ZOOM. Ohun tó bá yọ sójú ẹ̀rọ ló ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Lápá ọ̀tún, ìlà náà á ti gba òkè jáde kí X tó pé 4. Lápá òsì, á sùn gbalaja lórí ìlà ìbú, ni wọ́n bá kọ ọ́ pé "ó kan òdo ní -3." Irọ́ gbuu ni.

Píksẹ́lì (àwọn àmì tóótòòtó tó ń tàn di àwòrán) 64 péré ló wà lóòró ojú ẹ̀rọ náà. ZOOM 6 na òòró yìí láti -10 dé 10, nítorí náà píksẹ́lì kan á dúró fún bíi 0.32. Bí X bá jẹ́ -3, èsì jẹ́ 0.125, kò tó ìdajì píksẹ́lì. Ẹ̀rọ kò sì lè tan ààbọ̀ píksẹ́lì. Èyí tó bá sún mọ́ ọn jù ló ń tàn, ti ìlà ìbú gan-an sì ni. Ẹni tó bá fi kóńgò wọn iyọ̀ tí kò kún ṣíbí á ní kò sí iyọ̀ níbẹ̀.

Ẹ tẹ 2nd, kí ẹ tẹ GRAPH, kí tábìlì jáde. Ní -10, 9.8E-4 lẹ máa rí. Àwọn kan á tún ka ìyẹn sí 9.8! E-4 ń sọ pé kí ẹ sún àmì ìdá lọ sósì lẹ́ẹ̀mẹrin: 0.00098. Tábìlì ṣeé gbára lé ju àwòrán lọ, àmọ́ òun náà ní ibi tó mọ: ní -329, òdo ló máa kọ, torí pé ẹ̀rọ náà kò lè di nọ́ńbà tó kéré ju 1E-99 mú.

ZOOM 6 dára fún ìlà tó tọ́. Fún irú èyí, kò yẹ kó jẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé 50000*1.2^X wò, ìyẹn ₦50,000 tó ń fi ìdá 20 nínú 100 lé lọ́dọọdún: ìlà kankan kò ní yọ. Nínú WINDOW, ẹ fi Xmin sí 0, Xmax sí 10, Ymin sí 0, Ymax sí 350000. Ẹ má gbàgbé Yscl, ìyẹn àlàfo láàárín àmì kan sí èkejì lórí ìlà òòró: bó bá ṣì wà ní 1, àwọn àmì orí ìlà òòró á lẹ̀ mọ́ra di ọ̀pá dúdú, 50000 ló yẹ ẹ́. Bí ẹ bá tẹ TRACE, tí ẹ kọ 10, tí ẹ tẹ ENTER, bíi ₦309,587 ló máa jáde.