Wèrèpè

Wèrèpè, tí àwọn míì ń pè ní yèrèpè, jẹ́ ìtàkùn kan nínú ẹbí ẹ̀wà. Mucuna pruriens lorúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì. Inú igbó, etí ọ̀nà àti oko tí wọ́n ti pa tì ló máa ń hù sí, á lọ́ mọ́ igi, á yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tí èso ẹ̀ bá wá gbẹ, atẹ́gùn á máa gbé irun wẹ́wẹ́ tó bò ó kiri, ẹni tí ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án lè bẹ̀rẹ̀ sí í họra.

Ohun tó ń yún èèyàn

Ọ̀pọ̀ rò pé irun yẹn kàn ń gún awọ ara ni, kò parí síbẹ̀ o. Purotéènì kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ mucunain, àwọn olùṣèwádìí méjì, Shelley àti Arthur, ló kọ nípa ẹ̀ ní 1955. Ọ̀nà tó ń gbà yún èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ kan histamine, kẹ́míkà inú ara tó sábà máa ń fa ara yíyún, ìyẹn ni oògùn ara yíyún tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì kì í fi í ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Ẹni tó bá bà, kó má họ ọ́, kó lẹ sẹ̀lótéèpù mọ́ ojú ibẹ̀, kó ṣí i kúrò kí irun lè bá a lọ.

Kóró ẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ L-DOPA wà nínú kóró wèrèpè, òun ni ọpọlọ ń sọ di dopamine, ìyẹn kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń mira, òun náà ni dókítà ń fún àwọn tó ní àìsàn Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, ti ń lò ó fún àìsàn tó ń mú ara gbọ̀n, ọdún 1937 sì ni àwọn onísáyẹ́ǹsì méjì, Damodaran àti Ramaswamy, yọ L-DOPA jáde lára ẹ̀, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wúlò fún Parkinson. Wọ́n dán ìyẹ̀fun kóró ẹ̀ wò lára aláìsàn 18 ní Bolivia, èsì ẹ̀ jáde ní 2017, ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n lò ó, kò rẹ̀yìn sí oògùn òyìnbó. Àmọ́ èèyàn 18 ò tó láti fi dájọ́, bẹ́ẹ̀ L-DOPA inú kóró kan ò bá ti òmíì dọ́gba, ó sì lè fa èébì, kó jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹni tó ti ń lo oògùn Parkinson ò gbọ́dọ̀ dá a pò mọ́ ọn.

Àwọn ìlò míì

Ní Ìpínlẹ̀ Plateau, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ máa ń ní kí èèyàn gbé kóró ẹ̀ mì lódindi nítorí oró ejò. Ní àwọn erékùṣù Karibíà, wọ́n máa ń po irun ẹ̀ mọ́ oyin fún aràn inú. Èyí tí kì í yúnni tún wà, àwọn àgbẹ̀ gúúsù Bẹ̀nẹ̀ máa ń gbìn ín kó lè bo koríko ẹ̀kan mọ́lẹ̀, kí ilẹ̀ sì lọ́ràá.