Alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdíje trials lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì

Trials jẹ́ ìdíje alùpùpù tí eré sísá ò sí nínú ẹ̀. Wọ́n á sàmì sí ibi tó le, bí àpáta, ẹrẹ̀ tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹni tó ń gùn á sì gbìyànjú láti kọjá láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Tó bá kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó ti pàdánù máàkì 1, tó bá ń fẹsẹ̀ ti ara ẹ̀ lọ ó di 3, tó bá dúró tàbí ṣubú, 5 nìyẹn. Ẹni tó bá pàdánù máàkì tó kéré jù ló borí.

Nígbà tógun parí, alùpùpù àwọn ṣọ́jà, bíi Matchless G3L, pọ̀ nílẹ̀ rẹpẹtẹ, aráàlú rà wọ́n, wọ́n sì ń tún wọn ṣe fún trials. Ìdíje tó lórúkọ jù, Scottish Six Days Trial, ọlọ́jọ́ mẹ́fà ní Skọ́tlándì, padà bẹ̀rẹ̀ ní 1947, Hugh Viney tó gun AJS ló sì gbà á ní 1947, 1948 àti 1949.

Ẹ́ńjìnì four-stroke, èyí tó máa ń jó epo lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, tí àyè inú ẹ̀ jẹ́ 350 tàbí 500 cc, ló pọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n wúwo gan-an, àmọ́ ẹ́ńjìnì wọn máa ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ẹ̀ ni táyà kì í fi tètè yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò ní sípíríǹgì lẹ́yìn, àwọn èèyàn gbà pé á ba ìdúró táyà jẹ́. Royal Enfield gbé Bullet tó ní sípíríǹgì lẹ́yìn wá síbi ìdíje Colmore Cup ní 1948, ó sì hàn pé òdìkejì lọ̀rọ̀ náà, torí sípíríǹgì ló ń jẹ́ kí táyà máa tẹ̀ lé òkúta kó má fò. Johnny Brittain fi Royal Enfield gba Scottish ní 1952 àti 1957.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti Gordon Jackson ní 1961: ọjọ́ mẹ́fà gbáko lórí AJS 350, máàkì 1 péré ló pàdánù!

Sammy Miller, ọmọ Belfast, ló wá gun Ariel 500 tí nọ́ńbà ẹ̀ ń jẹ́ GOV 132. Ariel ti ṣíwọ́ ṣíṣe four-stroke láti 1959, àmọ́ Miller ṣì ń gé irin kúrò lára tiẹ̀ kó lè fúyẹ́ sí i, ó sì fi gba Scottish ní 1962 àti 1964. Iṣẹ́ ọwọ́ tó lágbára nìyẹn, àmọ́ ó ní ibi tí ẹnì kan lè ṣe é dé. Bultaco ti ilẹ̀ Sípéènì pè é, wọ́n jọ ṣe Sherpa T, two-stroke (tó ń jó epo ní gbogbo ìyípo) 244 cc tó fúyẹ́ dáadáa, ó sì fi gba Scottish ti 1965, ìgbà àkọ́kọ́ tí alùpùpù ilẹ̀ òkèèrè máa gbà á.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò mọ̀ pé kékeré lè ṣe é o. Roy Peplow ti fi Triumph Tiger Cub 200 cc gba Scottish ní 1959, Don Smith sì fi Greeves gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù ní 1964. Greeves náà ni Bill Wilkinson fi gba Scottish ní 1969. Lẹ́yìn ìyẹn, Mick Andrews, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà á ní 1970, 1971 àti 1972, orí Ossa ti Sípéènì ló sì wà.

Àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́ yìí ṣì ń gùn wọ́n nínú ìdíje Pre-65, ti àwọn alùpùpù ìgbà tó ṣáájú 1965, tó ń wáyé ní Kinlochleven ní Skọ́tlándì.