Fare, ferry, welfare: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ ní èbúté Ìkòròdú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ní èbúté kan ní Ìkòròdú níbí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlà méjì péré: "New ferry fare from Monday. Your welfare is our concern." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba orí WhatsApp. Àwọn kan ní wọ́n ti fowó kún owó ọkọ̀. Àwọn kan ní rárá, ṣebí "welfare" ni wọ́n kọ, ìjọba ló máa máa san án. Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà èbúté, ó ní, "Tíṣà, 'fare' wà nínú ìlà kìíní, 'fare' tún wà nínú ìkejì. Èwo la máa san níbẹ̀?" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè tó jinlẹ̀ tó báyìí kì í sábà wá bá mi. Ohun tí mo sọ fún un nìyí, pẹ̀lú ohun tí àwọn mìíràn bi mí lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi báyìí?

Rárá o. Ìlà kìíní ní owó ọkọ̀ ti yí padà. Ìlà kejì ní àlàáfíà yín jẹ wọ́n lógún.

Kí ló wá gbé "fare" wọ inú "welfare"?

Ọmọ ìyá ni wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ní ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ "faran". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn máa lọ, kó rin ìrìn àjò. Àwọn ará Jámánì ṣì ń lo ẹ̀yà tiwọn títí dòní, "fahren". Inú "faran" yìí ni "fare" ti wá, ìrìn àjò fúnra rẹ̀ ló sì ń jẹ́ nígbà náà, kì í ṣe owó. Nígbà tó yá, orúkọ ìrìn àjò bọ́ sára owó tí èrò ń san kí wọ́n tó gbé e.

Ẹ wá wò ó: ẹni tí ìrìn rẹ̀ ń lọ dáadáa, "well" àti "fare", òun ló ní "welfare". Àwa náà ṣe irú rẹ̀. Tí a bá pàdé èèyàn, a máa ń ní, "Báwo ni nǹkan ṣe ń lọ?" Nǹkan kò ní ẹsẹ̀. Ayé onítọ̀hún là ń béèrè, ìrìn la fi sọ ọ́. Ìtumọ̀ kejì, ìyẹn ìrànwọ́ tí ìjọba ń ṣe fún aláìní, ọ̀rúndún 20 ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló ṣi àwọn tó ń pín ìròyìn ọ̀fẹ́ yẹn lọ́nà.

"Farewell" ńkọ́?

Ilé kan náà ni. "Fare well": máa lọ ire. Ó ti lé ní 600 ọdún tí wọ́n ti ń fi kí ara wọn. Mo fẹ́ràn kí n máa fi ọ̀rọ̀ yìí wé tiwa. Yorùbá ní "ó dàbọ̀", ojú wa ń bẹ lára àbọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní "fare well", ojú tiwọn ń bẹ lára àlọ.

Ṣé "ferry" náà wà nínú ẹbí yìí?

Ó wà níbẹ̀ gbọingbọin. "Faran" ni kí èmi fúnra mi lọ. Ìbejì rẹ̀, "ferian", ni kí n gbé ẹlòmíràn lọ. "Ferian" ló di "ferry". Nítorí náà, nínú ìlà méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn, ọmọ ìyá mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀: ferry, fare, welfare.

"Fair" ńkọ́? Ṣé "fair fare" ni wọ́n ní lọ́kàn, owó tó bá ojú mu?

Ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já sínú kòtò. Ìró kan náà ni "fare" àti "fair" ní létí, ṣùgbọ́n wọn ò bára tan rárá. "Fair" tó túmọ̀ sí ohun tó tọ́, tó bá ẹ̀tọ́ mu, ti inú "fæger" wá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fún ohun tó rẹwà. "Fair" mìíràn wà, èyí tí í ṣe ọjà ńlá tí wọ́n ń ná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èdè Látìn ni ìyẹn ti wá, láti ara "feria", ọjọ́ ọdún, ọjọ́ ìsinmi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, orírun mẹ́ta, ìró kan.

Kò yẹ kí èyí ya ẹni tó ń sọ Yorùbá lẹ́nu. Ọkọ ni olówó orí ìyàwó, ọkọ́ la fi ń roko, ọkọ̀ la wọ̀ lọ sí Èkó, ọ̀kọ̀ ni ọdẹ ń jù. Ta ló máa torí pé wọ́n jọ ara wọn sọ pé ọkọ́ ló bí ọkọ̀? Àwa ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò ní in. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kọ ọ́ la fi ń dá "fare" mọ̀ yàtọ̀ sí "fair"; ní ti "fair" méjèèjì, ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká la máa fi mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Ẹ máa wo lẹ́tà dáadáa, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé etí.

Wọ́n ní "port" àti "transport" náà bá "ferry" tan. Báwo ni "p" ṣe di "f"?

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn onímọ̀ èdè rí i pé níbi tí Látìn bá ti ní "p" níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "f" ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ní. Látìn ní "pater", Gẹ̀ẹ́sì ní "father". Látìn pe ẹja ní "piscis", Gẹ̀ẹ́sì pè é ní "fish". Ẹ ronú kan ọmọ Ìbàdàn tó ń pe "sòkòtò" níbi tí ẹlòmíràn ti ń pe "ṣòkòtò", bẹ́ẹ̀ aṣọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀. Gbòǹgbò kan ṣoṣo, tó ń sọ nípa kíkọjá láti ibì kan sí òmíràn, ló bí "port" lápá Látìn, tó sì bí "fare", "ferry" àti "ford" lápá Gẹ̀ẹ́sì. "Ford" ni ibi tí odò ti fà tí èèyàn lè fẹsẹ̀ là á kọjá. Ìlú Oxford, ibi tí màlúù ti ń la odò kọjá ni orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn?

"Arrive", láìṣiyèméjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ ka ìwé náà, mo dúró wo ọkọ̀ kan tó ń bọ̀. Atukọ̀ pa ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ rọra fẹ̀gbẹ́ wọlé, ó fara gbo àwọn táyà tí wọ́n so mọ́ èbúté, ọmọkùnrin kan sì ju okùn. Èrò kan ti wà lórí fóònù, ó ń pariwo pé, "Mo ti arrive!" Kò mọ̀ pé òun pe ọ̀rọ̀ náà sí ojú ilé rẹ̀. Látìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: "ad" ni "sí", "ripa" ni "bèbè odò". Faransé gbà á lọ́wọ́ Látìn, Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Faransé. Ọkọ̀ tó kan bèbè odò nìkan ló kọ́kọ́ wà fún. Ìgbà tó yá ni ẹni tó fẹsẹ̀ rìn dé náà bẹ̀rẹ̀ sí í "arrive".

Yorùbá rìn ní ọ̀nà yìí gan-an, láìkọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ni "gúnlẹ̀"? Ọkọ̀ ló gún ilẹ̀. Lónìí, ẹni tó wọ bàálù láti Àbújá náà "gúnlẹ̀" sí Ìkẹjà. "Tukọ̀" náà ńkọ́? Àjẹ̀ lọ́wọ́, ojú lórí omi. Àmọ́ a ti ń pe olórí ìlú ní atukọ̀ ìlú. Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀: "govern" wá láti ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí kéèyàn darí ọkọ̀ ojú omi. Atukọ̀ ni gómìnà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwa tí a ń gbé létí ọ̀sà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí.

Kí ló dé tí "go" fi ń di "went"? Ọmọ mi ń kọ "goed".

Ọmọ yín ń ronú, ẹ má nà án. "Went" kì í ṣe ọmọ "go". Ọmọ "wend" ni, bí "send" ṣe bí "sent", tí "bend" sì bí "bent". "Go" ní tirẹ̀ láyé àtijọ́, "eode", ṣùgbọ́n ó kú dànù. Nígbà tí ọ̀rúndún 15 fi máa parí, "went" ti jókòó sí àyè rẹ̀.

"Bus"?

Ìrù "omnibus" ni, Látìn fún "ti gbogbo èèyàn". Nantes ní ilẹ̀ Faransé ni ọkọ̀ náà ti gba orúkọ yìí ní 1826, ó sì dé London ní 1829.

Wọ́n tún ń pe àwa tí à ń lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó ní "commuters".

"Commute" ni kéèyàn fi nǹkan kan pààrọ̀ òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀rúndún 19, ẹni tó ń wọ rélùwéè lójoojúmọ́ lè san owó kan lápapọ̀ dípò kó máa san díẹ̀díẹ̀, yóò sì dín fún un. Ẹni tó gba irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni "commuter". Ìpààrọ̀ owó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìrìn ló kù nínú rẹ̀ lónìí.

Ṣé kí n máa fi orírun ọ̀rọ̀ túmọ̀ ìwé tí mo bá rí lára ògiri?

Ẹ má ṣe é o. Orírun ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, kò sọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ lónìí ní lọ́kàn. Tí àpò bá ṣófo, kò sí alákòóso tó máa gbọ́ pé ìrìn lásán ni "fare" láyé àtijọ́.

Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó lè ṣe èèyàn léṣe tí kò bá mọ̀ ọ́n?

Ó wà, òun ló sì jẹ mí lógún jù. "Embark" ni wọkọ̀: "bark" jẹ́ irú ọkọ̀ ojú omi kan, "em" ni kéèyàn wọ inú rẹ̀. "Disembark" ni sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n jọ ara wọn tó fi jẹ́ pé mo rí ẹni tó dìde nínú ọkọ̀ nígbà tí wọn kò tíì so okùn. Ẹ jókòó títí wọ́n á fi so okùn tán. Ẹ wọ ẹ̀wù ìdóòlà yín, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "life jacket", kẹ́ ẹ sì so gbogbo ìdè rẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ kò bá yé yín, ẹ fi Yorùbá béèrè. Ẹ̀mí yín ni.

Èló wá ni owó ọkọ̀ tuntun náà?

Ìyá ẹlẹ́ja ló tún bi mí léyìí. A padà lọ wo ìwé náà, wọn ò kọ iye kankan síbẹ̀. Mo ya pépà kan, mo kọ ọ́ sí i ní Yorùbá pé: "Owó ọkọ̀ ti yí padà láti ọjọ́ Ajé. Ẹ béèrè iye rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tó wọkọ̀." Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ alákòóso, ìyá náà wá gọ́ọ̀mù wá, a sì lẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ ti àkọ́kọ́.