CV kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé: péèjì mélòó ló yẹ kó jẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ pe CV, ìwé tẹ́ni tó ń wáṣẹ́ fi ń sọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, ní "ìwé ìtàn ìgbésí ayé"? Mo mọ̀ pé ohun tí Látìn rẹ̀, "curriculum vitae", ń sọ ò jìnnà síyẹn, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́, torí téèyàn bá ti gbọ́ "ìtàn" báyìí, ọjọ́ ìbí ló ti máa bẹ̀rẹ̀, á dé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á kọ ẹ̀sìn, á ní òun fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kó tó wá sọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, a ti dé péèjì kẹrin. Àwọn kan tún ń pè é ní "ìwé ẹ̀rí". Sátífíkéètì nìyẹn o, ẹ má da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wa lójú. Èmi, "iṣẹ́-ní-ṣókí" ni mò ń pè é, ẹni tó bá fẹ́ kó bínú. Wọ́n ní kò dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé. Kí ló kàn mí, ṣebí ẹni tó ń wáṣẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ṣókí sì ti wà nínú orúkọ.

Ẹ wò ó báyìí: ẹ kanlẹ̀kùn, wọ́n bèèrè látinú ilé pé ta nìyẹn. Ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìran yín síta, ẹ máa dárúkọ tí wọ́n á fi dá yín mọ̀, ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, ó di inú ilé. Inú ilé yẹn ni íńtáfíù.

Torí náà péèjì kan tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé tàbí tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ẹni tó ti lò tó ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́ lè kọ méjì. Tó bá wá jẹ́ ìlà mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù sí péèjì kejì, ẹ gé e, kì í ṣe kẹ́ ẹ sọ fọ́ǹtì, ìwọ̀n lẹ́tà yẹn, di 8 kó lè gbà á. 10 sí 12 ló dáa fún ojú. Iṣẹ́ ogún ọdún sẹ́yìn, orúkọ iṣẹ́, iléeṣẹ́ àti ọdún, ìlà kan, ó parí.

Inú àwọn ìlà yẹn gan-an lẹ ti máa rí àyè. "Ojúṣe mi ni láti máa bójú tó àwọn kọ́sítọ́mà, kí n máa dá wọn lóhùn, kí n sì rí i pé inú wọn dùn." Ó gùn, kò sọ nǹkan kan. "Kọ́sítọ́mà tó ń dúró ọjọ́ 3 kó tó rí èsì, mo sọ ọ́ di ọjọ́ 1." Ojú ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ á dúró síbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, ẹ má bá mi jà, tiyín yàtọ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti tẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó di péèjì 15 pàápàá, ẹ lè máa pe ìyẹn ní CV. Àmọ́ tí ìpolówó iṣẹ́ bá ti dá iye péèjì lé yín, iye yẹn ni kẹ́ ẹ kọ.